Àwọn Tí Wọ́n Fà Lé Mi Lọ́wọ́ ní Kóòtù Àpápá

Ohun mẹ́ta ni àwọn ará àdúgbò wa mọ̀ mọ́ kóòtù: ọlọ́pàá á mú èèyàn wá, adájọ́ á dá ẹjọ́, wọ́dà á ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ kẹrin wà níbẹ̀ tí wọn kì í kà mọ́ ọn, òun ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí adájọ́ bá wo ẹlẹ́ṣẹ̀ kan, tó rí i pé ẹ̀wọ̀n máa bà á jẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ tí kò fẹ́ kó kàn máa lọ sílé lásán, ó lè ní kó máa gbé nílé rẹ̀, kó kọ́ṣẹ́, kó máa gbálẹ̀ fún ìlú, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ. Èmi ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kóòtù ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí. Ní Ajégúnlẹ̀, Màmá Wẹ́fíà ni gbogbo èèyàn ń pè mí, kódà nígbà tí n kò tíì bí ọmọ kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, n kò wá tàn yín. Iṣẹ́ náà dára. Ó sì ń bani nínú jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi wò ó, mo sì tún jẹ oyin náà, ó sì korò mọ́ mi lẹ́nu níbì kan tí n kò lè fi pamọ́ fún yín.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Amukoko ni wọ́n ti tọ́ mi, bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Mo jáde ilé ìwé, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà náà, kò sì tíì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ládélé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá gígùn ló máa ń wọ̀, kì í sì í ká apá rẹ̀ sókè bó ti wù kí oòrùn mú tó. Kì í pariwo mọ́ni. Bó bá ti bínú, ohùn rẹ̀ á túbọ̀ lọ sílẹ̀ ni, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tó ní kí n lọ ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni tó jí aṣọ ọ̀gá rẹ̀ tà. Mo lọ sílé wọn, n kò bá ìyá rẹ̀. Mo tún lọ, n kò bá a. Mo bá jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dà bíi pé ìyá ọmọ náà kò bìkítà fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Ládélé kà á. Ó ní, “Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?”

Mo ní, “Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn, sà.”

“Ojú tìẹ ni adájọ́ á wá fi rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n?”

Ó fa ìwé náà ya sí méjì, ó sì tò ó síwájú mi bí ẹni to àwo. “Padà lọ. Títí o fi máa rí ìyá náà, má kọ nǹkan kan.”

Òjò ń rọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, mo ń sunkún, mo ń ṣépè fún un lábẹ́ ẹnu. Àwọn aládùúgbò ló tọ́ka ibi tí ìyá náà wà fún mi. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni mo ti bá a, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ sórí, omi òjò ń ti orí rẹ̀ ṣàn wọ ojú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde nílé, ó ń wá owó tó máa fi san aṣọ tí ọmọ rẹ̀ jí padà. Bí mo bá ti fi ìwé àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ ni, irọ́ ni ǹ bá pa mọ́ obìnrin yẹn níwájú adájọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣépè fún ọ̀gá mi mọ́.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tó kọ́ mi nìyí. Gbogbo wa ni à ń wo ẹlẹ́ṣẹ̀ tó dúró sínú àpótí ní kóòtù. Ọ̀gbẹ́ni Ládélé á fọwọ́ kàn mí, á ní kí n lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn. “Bí o bá ń wá àánú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, tí o gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, orí iyanrìn lo kọ́lé sí. Ọjọ́ tó bá wó, orí ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ló máa wó lé.” Mo rò pé òwe àgbà lásán ni.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà ni bàtà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ kan kì í tẹ̀ dáadáa, a sì máa ń fi kábọ́ọ̀nù dúdú sáàárín bébà, ọwọ́ wa á dúdú bíi ti ẹlẹ́ẹ̀dú. Nígbà tó yá, ọ̀kadà dé, mo ń gun ọ̀kadà kiri. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn náà. Fóònù wá dé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn mi ní kò sídìí láti máa rìn mọ́, kí àwọn tí à ń ṣọ́ máa ya fọ́tò ara wọn níbi iṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Ọkùnrin kan wà tó ń fi fọ́tò ibi tó ti ń gbálẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé ewúrẹ́ kan náà ló ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ kan náà ló sì gbé sókè. A rẹ́rìn-ín títí. Fóònù dára o, àmọ́ kò lè gbóòórùn ògógóró lẹ́nu èèyàn.

Mo rí ayọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Ọmọbìnrin tó jí aṣọ yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹnì kan tó ń já báàgì gbà nígbà kan rí, ó ń wa tírélà báyìí, bó bá sì rí mi lójú ọ̀nà, á tẹ fèrè títí eruku á fi kún etí mi. Àwọn mìíràn sá lọ, àwọn mìíràn tún jalè. Gbogbo ìka kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ Wàsíù ni mo wá sọ.

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni Wàsíù, ó lé díẹ̀ lógún ọdún nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ àdúgbò ń gbá di ìjà. Ìgò ń fò. Wàsíù ju ọ̀kan. Ẹni tó jù ú sí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgò náà kọjá, ó bá obìnrin kan tó ń kọjá lọ ra òwú lójú. Mẹ́sì ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ ni, télọ̀ ni. Ojú òsì rẹ̀ fọ́ síbẹ̀.

Àwọn yòókù sá. Wàsíù kò sá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e lọ sọ́sípítù, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un. Ní kóòtù, ó ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀, ó wò ó pé kò dẹ́ṣẹ̀ rí àti pé kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, kó máa gbálẹ̀ ọ́sípítù ìjọba, kó sì wà lábẹ́ ìṣọ́ mi fún ọdún mẹ́ta.

Mẹ́sì wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, báńdéèjì lójú. Ó fò dìde. “Na only broom? Ojú mi lọ, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún un!” Wọ́n ní kó dákẹ́ tàbí kó jáde. Ó jáde.

Agbẹjọ́rò tó dúró fún ìjọba, Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kejì.

Ó ní, “Màmá, inú yín kò ní dùn sí mi. Mo fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.”

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nìkan ló lè sọ pé ìdájọ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọba náà lè lọ bá kóòtù gíga pé ìyà tí wọ́n fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ti kéré jù.

Mo ní, “Adéṣínà, ọmọ yìí kò sá. Ó jẹ́wọ́. Ṣé ẹ̀wọ̀n ló máa dá ojú padà?”

Ó gbé ìdájọ́ náà síwájú mi. “Adájọ́ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa Mẹ́sì.”

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà. Wọn kò sọ bó ṣe máa rán aṣọ mọ́. Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún un.

Kóòtù gíga kì í yára. Kí ìwé tó ti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ wọn, kí adájọ́ kan tó lọ kí òmíràn tó dé, ó lé ní ọdún méjì. Ẹjọ́ ń sùn lọ́hùn-ún, èmi àti Wàsíù ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín.

Níbẹ̀rẹ̀, kò rọrùn. Ó ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Jímọ̀, jórinjórin tí mo fi í sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjà Bọ́ńdárì. Ó ń mugbó. Bí mo bá bá a wí, á ní, “Ẹ ṣé, mà,” kò sí ohun tó máa yí padà. Àfi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó sáré wọ ọ́fíìsì mi, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, mo rí i.”

“Ta lo rí?”

“Àǹtí yẹn. Ó wá fọ ojú rẹ̀ lọ́sípítù. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Wọ́n ṣí báńdéèjì, Màmá, ihò ni. Ihò ni mo ṣe sójú èèyàn.”

Ó jókòó sílẹ̀, lórí símẹ́ńtì, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó tán, ó bi mí pé ṣé òun lè lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá. Mo ní, “Ìwọ lo fẹ́ kí ọkàn rẹ fúyẹ́. Tòun ńkọ́? Bó bá fẹ́ rí ọ, òun ló máa sọ.”

Ó dúró. Kò mugbó mọ́. Ọ̀gá Jímọ̀, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, sọ fún mi pé bí ọmọ yìí bá jó irin pọ̀, ojú ibi tó ti jó o kì í ṣeé dá mọ̀. Ó tó ọdún kan kí Mẹ́sì tó wá. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó ní òun fẹ́ rí ọmọkùnrin yẹn, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ òun.

Mo pe Wàsíù àti ìyá rẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀.

Mẹ́sì ní, “Dìde. Wo ojú mi.”

Ilẹ̀ ni Wàsíù ń wò.

“Mo ní kí o wò ó! Bí àwọn èèyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, èjìká mi ni wọ́n ń wò. Oníbàárà mi, pásítọ̀ mi, gbogbo wọn. Ìwọ tó ṣe é, wò ó.”

Wàsíù gbé ojú sókè, ó wò ó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Ṣé o ti rí i?”

“Mo ti rí i, àǹtí.”

“Ó dáa. N kò tíì dárí jì ọ́ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan rí i ni.”

Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bá mi sọ ọ́ pé òun ti ń gbìyànjú láti máa ránṣọ. Ẹ̀rọ kò ṣòro púpọ̀. Òwú ni kì í wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́, bí òun bá fojú kan ṣoṣo wò ó, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà kọjá.

Ẹnu ìyá Wàsíù ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láràárọ̀, kí Wàsíù tó lọ sí Bọ́ńdárì, á yà ní ṣọ́ọ̀bù Mẹ́sì. Á ki òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó máa lò lọ́jọ́ náà, funfun, dúdú, pupa, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré kan, á ní, “Ó dàbọ̀, àǹtí,” á máa lọ. Kóòtù kò pàṣẹ rẹ̀. Èmi náà kò pàṣẹ rẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, Mẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíì àti búrẹ́dì dè é.

Ìgbà náà ni kóòtù gíga pe ẹjọ́.

Wọ́n ti gbé Adéṣínà lọ sí ìlú mìíràn, agbẹjọ́rò mìíràn ló ka ohun tó kọ sílẹ̀. Mẹ́sì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá. Bí agbẹjọ́rò ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ojú rẹ̀, ó nàwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Akọ̀wé kóòtù ní kó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ìjọba ló ni ẹjọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tó dúró fún Wàsíù gbé ìròyìn tí mo kọ dìde, nípa iṣẹ́ tó kọ́ àti abẹ́rẹ́ tó ń ki òwú bọ̀. Adájọ́ ní ohun tó wà níwájú kóòtù kékeré lọ́jọ́ tó dá ẹjọ́ nìkan ni òun lè wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Ó wá dá ẹjọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní adájọ́ kékeré wo ẹlẹ́ṣẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ rárá. Ó ní bí ìgò bá ń fọ́ ojú èèyàn nígboro, tí ìgbálẹ̀ nìkan sì ni èsì rẹ̀, ta ni ará ìlú máa fẹjọ́ sùn? Mo ń gbọ́ ọ, mo ń gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ládélé nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí tí mo lè bá a jiyàn lé lórí. Ó fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́wọ̀n.

Wàsíù kò wo adájọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, ó ń mi orí sí i pé kó má sunkún.

Níta, Mẹ́sì di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ ara mi. “Màmá, èmi ni mo ké nígbà yẹn pé ìyà yẹn kò tó. Wọ́n ní kí n jáde. Ṣé igbe ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ lónìí?”



A ń lọ wo Wàsíù lẹ́wọ̀n, èmi, ìyá rẹ̀, àti Mẹ́sì. Wọ́n ní ilé ìkọ́ṣẹ́ jórinjórin wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ó wà lóòótọ́, mo rí i. Kò sí iná níbẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, Wàsíù ń béèrè ọ̀gá rẹ̀ àti ọjà. Ní ọdún kejì, ó ti gbẹ, àpá kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí èmi nìkan lọ, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Màmá, kò sí ẹni tó ń dá dúró níbí. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹnì kan. Mo ti wà lẹ́yìn ẹnì kan.”

Mo ní, “Kí ni wọ́n ní kí o máa ṣe?”

Ó mi orí. “Ẹ sọ fún Àǹtí Mẹ́sì kó má wá mọ́. Ọwọ́ tó ń rò pé òun mọ̀ yẹn, kì í ṣe òun ló wà lára mi mọ́.”

Mo jíṣẹ́ fún Mẹ́sì. Aṣọ tó ń rán ló ń rán lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ọdún rẹ̀ pé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀, ìyá rẹ̀ di ẹja yíyan sínú ike, Mẹ́sì rán búbá àti ṣòkòtò tuntun fún un. Oòrùn kanrí. Wọ́dà kan ló wá ṣàánú wa, ó ní wọ́n ti tú u sílẹ̀ láti àná, àwọn ọkùnrin méjì kan ló wá fi mọ́tò gbé e. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lójú títì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Wàsíù fi nọ́ńbà tí a kò mọ̀ pe Mẹ́sì. Ó ní òun wà láàyè, kí wọ́n má wá òun, kó bá òun kí ìyá òun. Ó pa fóònù. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́ láti ìgbà náà.

Ó tó ọdún mélòó kan kí Adéṣínà tó gbọ́, ó wá sílé mi. Ó ti di àgbà nídìí iṣẹ́ òfin, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó jókòó sórí àga, kò lè mu omi tí mo gbé fún un.

“Màmá, ṣé mo ṣe àṣìṣe?”

Mo ní, “Rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró fún Mẹ́sì, ìwọ lo dúró. Àmọ́ ọmọ tí o pè lẹ́jọ́ kọ́ ni wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n. Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà, ọmọ yẹn ti lọ, ẹlòmíràn ti dé sí ààyè rẹ̀. Ẹlòmíràn yẹn ni wọ́n rán lọ.”

Ó sunkún. Èmi náà sunkún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Ẹ di adájọ́, ẹ di agbẹjọ́rò, ẹ di wẹ́fíà. Bí ẹ bá ti ń ṣàánú ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jáde ní kóòtù láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa jẹ èèyàn níyà, ẹ tètè ṣe é. Ìyà tó pẹ́ kó tó dé, ó lè bá ẹni tí kò yẹ kó bá.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun tán, ìyá Wàsíù máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Ó ti darúgbó, kì í yan ẹja mọ́. A jọ máa ń jókòó síwájú ilé, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé, “Màmá Wẹ́fíà, ẹ rò pé ó ń rí oúnjẹ jẹ níbi tó wà?”

Mo ní, “Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ìyá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kì í sùn lébi.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó mi orí, ó ní, “Ẹ ṣé,” ó di gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sì ń lọ sílé.